Ìwé Kì Í Kúnlẹ̀: Sí Kàmọ́rù, Nípa Ìdíje Ìbọn Yíyìn

Kàmọ́rù, Àkànní ọmọ mi,

Mi ò ní fi "ṣé dáadáa lo wà" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé dáadáa lo wà. Ẹni tí kò bá wà dáadáa kò ní lókun láti gbé gọ́ọ̀mù kiri Mòwé, Ìbafò àti Ifọ̀, kó máa lẹ irú ìwé tí o lẹ̀ yẹn mọ́ ara ògiri ológiri. Ara tèmi náà le. Ìbínú ló ń gbé mi dúró.

Nígbà tí o wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, o ò jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. O ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó wá o. Mo ti lẹ pósítà káàkiri, nobody fi orúkọ sílẹ̀. A máa kúkú cancel ti ọdún yìí." O sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n ti mú iná lọ. O ní o ò fẹ́ kí bọ́ọ̀sì Mòwé fi ọ́ sílẹ̀, pé o máa tètè jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lọ́jọ́ Ajé. O dìde, o lọ. Tí inú bá bí mi dé góńgó, ahọ́n mi máa ń wúwo, o mọ̀ mí. Mo fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, mo wo káàdì tó kù níbẹ̀, mo rí i pé kò lè gba ìdá mẹ́wàá ohun tó wà níkùn mi. Ni mo bá ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì ìránṣọ, mo fa bébà yọ. Jókòó, kí o kà á tán. Má ṣe gbé e fún ìyàwó rẹ pé kó bá ọ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ohun tí o fẹ́ fagi lé, nítorí ó dà bí ẹni pé o rò pé eré ọjọ́ kan ni. Pápá tí à ń lò yẹn, lẹ́yìn Ifọ̀, níbi kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa nígbà kan, bàbá rẹ àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi àdá ṣán an. Kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n fẹ́ ibi tí ọdẹ àti ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìbọn ti lè máa bá ara wọn figagbága lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yìn ín sí pátákó, kí wọ́n má yìn ín sínú igbó tí èèyàn ń gbà lọ sóko. Baálẹ̀ ìgbà náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdíje níbẹ̀ lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó máa gba ilẹ̀ náà. Baálẹ̀ yẹn ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló wà nípò báyìí, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ilẹ̀ yẹn. Gbogbo ará Èkó ló ń wá ilẹ̀ rà, wọ́n ti gba Akútè, wọ́n ti gba Ajúwọ̀n, wọ́n ti ń yọjú sí wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí o wá, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ìyá Kàmọ́rù, mo gbọ́ pé ẹ ò ṣe ti ọdún yìí mọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa pe sọ̀fíyọ̀ kó wá wọn ibẹ̀ sí pùlọ́ọ̀tì o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé à ń ṣe é. Mo parọ́ nítorí tìrẹ, èmi arúgbó tó ń kírun wákàtí márùn-ún.

Nítorí náà, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdíje máa wáyé. Bí ó ṣe máa wáyé ni lẹ́tà yìí dá lé lórí. Mo fẹ́ kà á fún ọ ní ẹyọ ẹyọ, nítorí mo ti rí i pé ìwé tó gùn ni ìwọ ń gbọ́, o ò gbọ́ ẹnu èèyàn.

Èkíní. Ta ló kọ́ ọ ní "òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́"?

O kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: A Ń FẸ́ ÒṢÌṢẸ́ Ọ̀FẸ́ FÚN ÌDÍJE ÌBỌN YÍYÌN. Ìyá Ṣakirá ló ya ọ̀kan kúrò lára ògiri. Ìyá Ṣakirá tó ti ń dáná fún wa ní pápá láti ìgbà tí o ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń gbé ìkòkò tirẹ̀ wá. Ó fi ìwé náà lé orí tábìlì mi, ó ní, "Ìyá Kàmọ́rù, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹrú ni Kàmọ́rù ń wá ni?" Mo ní ọmọdé ni. Ó ní, "Ọmọdé tó ní ìyàwó nílé?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ létí Yorùbá, Kàmọ́rù? Ọ̀fẹ́ ni èyí tí kò níye lórí. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí a bá rí he. O wá ń sọ fún àgbàlagbà pé kó wá di ohun tí a rí he. Àwọn èèyàn ò kọ iṣẹ́ náà o, orúkọ tí o fún iṣẹ́ ni wọ́n kọ̀. O máa sọ pé, "Mọ́mì, volunteer ni mo túmọ̀." Kí ló dé tí o ń túmọ̀ ohun tí a ti ní nílé kí wọ́n tó bí ọ? Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Ọ̀wẹ̀ ni bàbá rẹ pè é títí tó fi kú. Ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, èèyàn ni, ẹni tó ní ilé àti oko tirẹ̀ ni, tó fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé o níyì lójú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ tirẹ̀, ìwọ náà á lọ. Ọlọ́wẹ̀ ń se oúnjẹ sílẹ̀, ó ń pọn omi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé oko. Òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ kọ́ o. Lọ ya gbogbo ìwé yẹn kúrò kí n tó rí òmíràn.

Èkejì. Ìwé kì í kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, ti ìyá bàbá rẹ ni, ìwà òmùgọ̀ tèmi ló sì mú un jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ nígbà náà, igbéraga kún orí mi bámú. Ilé ìwé kan gbé yunifọ́ọ̀mù fún mi rán, ọjọ́ ìwọlé ti sún mọ́lé, mo sì nílò àwọn obìnrin tó máa bá mi fọwọ́ gán etí aṣọ, kí wọ́n lẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn. Mo ka ìwé ju gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó wà ládùúgbò, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo kọ ìwé mẹ́fà sí obìnrin mẹ́fà, mo fún oníbúrẹ́dì kó bá mi pín in. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó wá. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn nínú ilé pé aláìmoore ni gbogbo wọn.

Ìyá bàbá rẹ ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Nígbà tí ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣé ó kúnlẹ̀ kí wọn?" Mo ní, "Ìwé kẹ̀, Màmá?" Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Ìwé kì í kúnlẹ̀. Ìwọ lo ní orúnkún." Ojú tì mí débi pé mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mẹ́rin wá. Ẹ̀karùn-ún rán ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀kẹfà ò lè wá nítorí pé ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi tí mo ti ń bú u láti àná ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ìwé tí mo kọ ò lè bá mi rí ìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àkànní.

Má sì lọ máa sọ fún wọn pé "ẹ wá ràn wá lọ́wọ́". Ẹni tí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ò mọ ibi tó máa gbá mú. Sọ ohun tí o fẹ́, sọ ìdí tó fi jẹ́ òun lo fẹ́, sọ ìgbà tó máa tán. Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì ní Akútè, tó máa ń gbé aṣọ wá fún mi, má bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣiṣẹ́. Lọ dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Mà, mo fẹ́ kí ẹ bá wa jókòó ti àpótí oògùn láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá, nítorí pé tí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni, ọwọ́ yín ló balẹ̀ jù." Ṣé o rí i pé kò lè sọ pé kò gbọ́ ọ yé? Àwọn ará Lágọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò yín ní Mòwé àti Ìbafò ńkọ́, tí o ń sọ pé wọ́n kàn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń bọ̀, pé wọn ò ṣe é bá dòwò pọ̀? Ọkùnrin tí o bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń to èrò sórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Sunday, tó ń fi ẹ̀rín gbé ẹni tó fẹ́ jà kúrò lọ́nà: irú rẹ̀ gan-an la nílò níbi okùn tí èrò ò gbọdọ̀ kọjá. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwọ ni o ò bẹ̀ ẹ́. Tí o bá sì ti rí ẹni tuntun, fi í ti ẹni àtijọ́, kí wọ́n jọ dúró. Má ṣe dá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀ ní òun nìkan. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ìwọ náà á sì mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan. O ní kí Sàlámì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, bá wa ka àmì lọ́dún yìí tí a bá rí ṣe é. Rárá o. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí sídìí tábìlì àmì, mo fi àmì kan kún ti bàbá rẹ. Ẹyọ kan péré! Mo rí i pé ọta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà, mo ní ó kàn án. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló lọ wo pátákó, ó padà wá, ó dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìyàwó mi ti ṣojúsàájú. Ẹ yọ ọ́." Wọ́n yọ ọ́. Ipò kejì ló bọ́ sí. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún bèèrè bóyá tábìlì wa tọ́. Tíṣà kan wà ní Ajúwọ̀n tí kò ní ìbátan pẹ̀lú ayìnbọn kankan, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó yá. Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá Alásíá.

Bí ìwọ ṣe ń pe bàbá yẹn ni mo fi ń pè é nínú lẹ́tà yìí, kí ó lè yé ọ ẹni tí mò ń sọ. Bàbá tó máa ń dúró lọ́nà oko, lẹ́yìn òkìtì tí wọ́n gbé pátákó sí, pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá tí ìbọn bá ń dún. Láti kékeré lo ti mọ̀ pé ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í ká. A sọ fún ọ pé ìbọn ló bà á, pé ìbọn bàbá rẹ ni, pé àkóbá ni. A ò sọ ìyókù fún ọ rí. Èmi ni mo ní ìyókù.

Ọdún kẹta tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni. O ò tí ì pé ọmọ ọdún kan, ẹ̀yìn mi lo wà. Kò sẹ́ni tó máa dúró lọ́nà oko yẹn, ni bàbá rẹ bá mú mi débẹ̀, ó fi aṣọ pupa lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Dúró síbí, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọjá." Ó yí padà, ó lọ yìnbọn tirẹ̀. Kò sọ fún mi pé ọta lè fo òkìtì. Èmi náà ò bèèrè. Mo rò pé wọn ò kàn fẹ́ kí èrò máa pariwo ni. Mo dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro mí, o ń sunkún lẹ́yìn mi. Ni mo bá gbọ́ ohùn aláǹkárá tó ń kiri lójú títì. Télọ̀ ni mí, Kàmọ́rù, mo fẹ́ràn aṣọ. Mo so aṣọ pupa yẹn mọ́ ẹ̀ka igi, mo ní ẹni tó bá rí i á mọ̀. Mo lọ wo àǹkárá.

Bàbá yẹn ń bọ̀ láti oko. Onígbàjámọ̀ ni nígbà náà, òun ló ń fá orí fún ìdajì Ifọ̀. Ó rí aṣọ pupa lórí igi. Ó rò pé ẹnìkan ló fọ aṣọ rẹ̀ sá. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹrù tó rù má bàa ba aṣọ aláṣọ jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi di ẹrù mú lórí. Ibẹ̀ ni ọta bà á.

Mo wà lójú títì tí mò ń na àǹkárá wò nígbà tí mo gbọ́ igbe. Wọ́n yọ ọta náà jáde ní ọsibítù, ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ká mọ́, abẹ ò sì ṣe é dì mú mọ́. Iṣẹ́ tó ti kọ́ láti kékeré parí lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ìlú dá bàbá rẹ lẹ́bi, ó sì gbà á. Kò dárúkọ mi. Ó ní òun lòun yìnbọn, òun lòun fi ìyàwó òun síbẹ̀ láìsọ ìdí fún un. Èmi náà dákẹ́. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà kí n má bàa pàdé ọkùnrin náà. Mo ń fi iṣu rán sí i, mo ń fi ọṣẹ rán sí i, mi ò jẹ́ dé ibẹ̀.

Ìyá bàbá rẹ ni kò jẹ́ kí n simi. Lọ́jọ́ kan mo pọ̀n ọ́, mo lọ. Mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà ilé rẹ̀, mo ní èmi ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, èmi ni mo so aṣọ mọ́ igi. Mo rò pé ó máa lé mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló máa dúró níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bẹ lọ́nà yẹn tó mi. Èmi ni màá dúró."

Ó sì dúró. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, kò fi ọdún kan jẹ. Kì í so aṣọ mọ́ igi. Bí ìyá arúgbó bá ń bọ̀ láti oko, á fi ọwọ́ òsì gba ẹrù rẹ̀, á sìn ín gba ọ̀nà tó yí ká, á sì tún sáré padà síbi tó wà. Ojú rẹ̀ ò rí ìdíje yẹn rí o. Ẹ̀yìn òkìtì ló máa ń wà. Ìró ìbọn nìkan ló ń gbọ́, ìró tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, Kàmọ́rù, ohun tí o ṣe lọ́dún tó kọjá.

O gba ife. Inú mi dùn, ìbọn rẹ ṣe geere bíi ti bàbá rẹ, mi ò ní purọ́. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Bàbá yẹn ti ẹ̀yìn òkìtì bọ̀, ó wá dúró létí ibi tí ẹ tò sí, aṣọ pupa wà ní èjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. O ní, "Bàbá Alásíá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Àwọn tó yìnbọn nìkan la fẹ́ snap." O ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó fi lé orí tábìlì mi, ó lọ sílé láìjẹun.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi. Ó sì ń bí mi sí ara mi pẹ̀lú, nítorí mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́ kí n má bàa dójú tì ọ́ níwájú àwọn èèyàn Mòwé tí o kó wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ìyá Ṣakirá gbọ́ ọ. Àwọn tó di okùn mú gbọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé pátákó gbọ́ ọ. Olúkúlùkù wọn ló wo ara rẹ̀, tó mọ̀ pé òun kì í ṣe ara àwọn tó yìnbọn. O wá dé lọ́dún yìí, o ní kí wọ́n wá ṣe òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ. Ta ló máa wá? Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe mí-ìn. Ìwọ ò yin ẹnikẹ́ni, o lé èèyàn kúrò nínú fọ́tò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, mi ò sì bẹ̀ ọ́, mò ń pa á láṣẹ ni. Lọ́dún yìí, o ò ní yìnbọn. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, mo mọ̀ pé o fẹ́ gba ife lẹ́ẹ̀kejì. Gbé ìbọn sílé. Ẹni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ kì í jókòó sábẹ́ igi kí àwọn tó bẹ̀ máa kọ ebè. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dé pápá, ìwọ ni kí o kẹ́yìn níbẹ̀, kí o gbé pátákó, kí o ṣa páálí ọta nílẹ̀. Kí àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ kọ́kọ́ jẹun kí ayìnbọn kankan tó jẹ. Kí o pè wọ́n síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe létí gbogbo èèyàn. Tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì fẹ́ kọ́ ìbọn, kó jẹ́ ìwọ lo máa kọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣán pápá yẹn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo ti lọ bá Ìyá Ṣakirá, ó bú ọ fún bí wákàtí kan, mo bá a bú ọ, ó ní òun á dáná. Nọ́ọ̀sì àti tíṣà àti ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tìrẹ nìyẹn. Ọlọ́run á sọ iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Èkó di ìrọ̀rùn fún ọ, á fi ọmọ rere jíǹkí ìwọ àti ìyàwó rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ, Àkànní, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí. Tí mi ò bá fẹ́ràn rẹ ni, ǹ bá jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ wá, kí n máa rán aṣọ mi lọ.

Ó ku ẹnì kan tí a ò lè ṣe é láìsí i. Tí kò bá sí ẹni tó mọṣẹ́ lọ́nà oko yẹn, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n yin ẹyọ kan, ilẹ̀ lọ ni ilẹ̀ lọ. Mo lọ bá a lánàá. Ó ń gé igi ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ gbìn, ọwọ́ òsì ló fi ń gé e. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú lápá.

Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá Kàmọ́rù. Ẹ ti kúnlẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Kì í ṣe tiyín ni mò ń retí."

Mo ní ọmọ mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo ní kó fi ojú fò ó.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ fọ́tò ti tán lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pè mí ní Bàbá Alásíá. Mo gbà, mo ní ọmọdé ni. Ó ti dàgbà báyìí, ó ti gbéyàwó, ó ti di akọ̀wé. Ó ń pe gbogbo bàbá tó wà ní Ifọ̀ mọ́ ọmọ wọn. Ṣé àsíá lèmi bí ni, Ìyá Kàmọ́rù?"

Ó gé igi ẹ̀gẹ́ méjì sí i, ó wá ní, "Kó wá. Lọ́jọ́ tó bá ti pè mí ní orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá ọlọ́mọ, màá dé ọ̀nà oko yẹn ṣáájú gbogbo yín."

Ọmọ rẹ̀ wà láyé, kò kú. Mo mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo àdúgbò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti fi báírò pa á rẹ́. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Má bi ìyàwó rẹ, má bi ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, wá sí Ifọ̀, dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá náà, kí o sì jẹ́wọ́ fún un pé o ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Òun ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni, tí gbogbo Ifọ̀ ń fi orúkọ rẹ pè,

Ìyá Kàmọ́rù